Bí A Ṣe Ń Gba Òṣìṣẹ́ Tí A Kò Ní Máa Rí Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ̀yin tí ètò òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa ti ibi tó bá wà ṣiṣẹ́, tí kò ní máa wá sí ọ́fíìsì. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Irú èèyàn wo ló dáa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú nìyí: ṣé ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbani síṣẹ́ lè kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó yé ẹni tí kò rí yín rí? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kò sẹ́ni tí ẹ gbà tí ọ̀rọ̀ náà kò ní já kulẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọ̀jáfáfá tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nínú ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ọ̀gá á ní, "Bá mi tún nǹkan àná yẹn wò." Òṣìṣẹ́ á wo ojú rẹ̀, á yí sí ẹni tó jókòó tì í, á rántí ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí lánàá, iṣẹ́ á sì di ṣíṣe. Ẹ wá fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní apá ibòmíràn láyé. Kò sí ojú tó máa wò. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Kó tó béèrè pé "nǹkan àná wo?" ẹ̀yin ti sùn. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀lẹ nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1973 ni Jack Nilles ti ń sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé kí iṣẹ́ máa lọ bá òṣìṣẹ́ nílé dípò kí òṣìṣẹ́ máa wakọ̀ lọ bá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó fojú ara wọn rí i. Ó yẹ ká ṣọ́ra fún ẹ̀kọ́ tí a rò pé a kọ́ lọ́dún yẹn. Àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà wọn wálé nígbà náà ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá rú wọn lójú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021, tí wọ́n ṣe lórí òṣìṣẹ́ Microsoft 61,182 láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2020, fi hàn pé nígbà tí gbogbo wọn kúrò ní ọ́fíìsì, kálukú túbọ̀ ń sún mọ́ àwọn tó ti mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, àjọṣe tó so ẹ̀ka kan mọ́ òmíràn sì ń dín kù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ti jọ jókòó, kí ni ẹni tí a gbà lánàá, tí kò mọ ẹnì kankan, máa dì mú? Dídá òṣìṣẹ́ àtijọ́ padà sílé yàtọ̀ pátápátá sí gbígba ẹni tuntun tí kò ní fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì láéláé. Èkejì yìí ni mo bá wá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ tí mò ń rí, àpèjúwe èèyàn ló wà nínú wọn, kì í ṣe àpèjúwe iṣẹ́. Wọ́n á ní àwọn ń wá ẹni tó já fáfá, tó lè dá ṣiṣẹ́, tó ní ìtara, tó mọ èèyàn bá lò. Ta ló máa kà á tí yóò ní òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ohun tí òṣìṣẹ́ náà máa ti ṣe parí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìpinnu tó lè dá ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè, ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àti wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn yòókù. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún ẹnì kan tí kò mọ̀dí iṣẹ́ náà rárá, kí ó kà á, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ padà fún yín. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ nínú ìròyìn yẹn ni òṣìṣẹ́ yín náà máa ti kọsẹ̀, àfi pé tirẹ̀ máa ná yín lówó.

Ẹ tún kọ ibi tí òṣìṣẹ́ náà lè wà. Èyí ń bí mi nínú díẹ̀, ẹ má bínú. Iléeṣẹ́ á polówó pé èèyàn lè ti ibikíbi láyé ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á kọ̀wé wá, nígbà tó bá wá ku dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ síwèé ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni àwọn lè san owó oṣù sí. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó oṣù náà ńkọ́: ṣé iye kan náà ni ẹ máa san níbi gbogbo, àbí ìlú tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló máa sọ iye rẹ̀? Iléeṣẹ́ tó ń ṣe èkíní wà, èyí tó ń ṣe èkejì náà wà. Èyí tó wù yín ni kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n inú ìpolówó ni kí ẹ ti sọ ọ́.

Ó wá kan irú èèyàn tó yẹ. Ìwádìí tó yé mi jù lórí èyí ni ti Nicholas Bloom, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ctrip, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò ní Ṣáínà. Àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà ni wọ́n lò. Wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ máa ti ilé ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nínú àwọn tó nawọ́, 249 ló kúnjú òṣùwọ̀n, torí wọ́n ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, kó sì ní yàrá tó lè dá wà. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi pín wọn sí méjì: àwọn kan lọ sílé, àwọn yòókù dúró sí ọ́fíìsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, iṣẹ́ àwọn tó wà nílé ti fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ìsinmi àárín iṣẹ́ àti ọjọ́ àìsàn dín kù. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn sì dín kù sí ìdajì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ máa ń parí ìtàn náà sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ìtàn fún àwa tí a ń gbani síṣẹ́. Nígbà tí ìdánwò parí, iléeṣẹ́ ní kí kálukú tún yàn. Ó lé ní ìdajì wọn tó yí ìpinnu padà. Ọ̀pọ̀ tó ti wà nílé ní àwọn ń padà sí ọ́fíìsì, ìdánìkanwà ti sú wọn. Ìgbà tí kálukú wá bọ́ sí ibi tó bá a lára mu ni èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, tó lọ sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé ilé ló wu àwọn kò mọ̀ bóyá ilé máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìfẹ́ ọkàn ni wọ́n sọ, wọn ò tíì dán an wò. Àmì kejì tún wà nínú rẹ̀ tí kò dáa: tí a bá fi bí iṣẹ́ wọn ṣe dáa tó díwọ̀n, àwọn tó wà nílé kò rí ìgbéga tó bó ṣe yẹ. Ojú kò rí wọn.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé òun fẹ́ràn láti máa ti ilé ṣiṣẹ́, mo gbọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Mo máa ní kó sọ ìgbà kan tí iṣẹ́ há sí i lọ́wọ́ nígbà tí kò sẹ́ni nítòsí: kí ló kọ́kọ́ ṣe, ta ló kọ̀wé sí, báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó kọ̀wé? Mo máa béèrè ibi tó ń jókòó ṣiṣẹ́ àti ohun tó máa ń ṣe tí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Mi ò ní béèrè bóyá ó ní ọkọ, aya tàbí ọmọ. Kò kàn mí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè òfin sì lòdì sí i.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí ohun tó ń jẹ́ ká mọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí kò sọ nǹkan kan fún wa, dé ẹyọ kan, tí kì í tàsé, iye ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ gba 0.18 péré, iye ọdún tó fi kàwé gba 0.10. Kí ẹni náà ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ká wò ó gba 0.54. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní àwọn ti àtijọ́ ti gbé e ga jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà sì wálẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò alétò ló wá wà lókè pẹ̀lú 0.42. Ohun tí mo pè ní alétò ni pé ìbéèrè kan náà, ní títẹ̀léra kan náà, lẹ́ ń bi gbogbo èèyàn, ẹ sì ti kọ ohun tí ìdáhùn tó dáa jẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ìtàkúrọ̀sọ tí a kàn ń bá ara wa rẹ́rìn-ín kò sí níbẹ̀. Ẹ sì wo CV tí gbogbo wa máa ń fi bẹ̀rẹ̀: ọdún iṣẹ́ àti ọdún ìwé ló kún inú rẹ̀.

Fún iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn, èmi fara mọ́ kí a da ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò alétò àti ìdánwò iṣẹ́ pọ̀, kí ìdánwò náà sì jọ iṣẹ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà oníbàárà ni ẹni náà máa máa dáhùn, ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Kí ọ̀kan rọrùn. Kí ọ̀kan wá láti ọwọ́ ẹni tí inú ń bí. Kí ìkẹta má ní gbogbo ohun tó nílò láti fi dáhùn. Ìkẹta yẹn ni mo máa ń wò jù. Àwọn kan á hùmọ̀ ìdáhùn. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á fi méjì ránṣẹ́ padà. Ẹni tó bá kọ̀wé padà pé, "Mo rí i pé nǹkan báyìí kò sí níbẹ̀, tó bá jẹ́ báyìí, màá ṣe báyìí, tó bá jẹ́ tọ̀hún, màá ṣe tọ̀hún, èwo ni?" ẹni yẹn ti ń ṣiṣẹ́ fún yín ná, kò tíì gba owó oṣù. Ó ti dí àlàfo tí ojú ì bá dí.

Ẹ san owó ìdánwò tó bá ti ju wákàtí kan tàbí méjì lọ. Automattic, iléeṣẹ́ tó ni WordPress.com, di mímọ̀ fún èyí: iṣẹ́ ránpẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ sí ara wọn ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí pé bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn nínú fídíò lè má lè kọ ìpínrọ̀ kan tó yéni, onítìjú kan sì lè wà tí ìwé rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn ń rò. Ẹ ń ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ló máa bá wọn kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ lásán kò fi nǹkan kan hàn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò kò fi gbọ́dọ̀ parí sórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pe ẹni náà, kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi yan ọ̀nà yìí dípò ọ̀hún, kẹ́ ẹ yí nǹkan kan padà nínú ìbéèrè náà, kó ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú yín. Tó bá lo ẹ̀rọ, tí iṣẹ́ náà sì gbà á láyè, kò burú. Ẹni tí iṣẹ́ náà yé máa lè gbèjà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jìbìtì kò ṣeé fò. Ní 2022, FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kan ti ń fi fídíò ayédèrú ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù keje 2024, KnowBe4, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, jáde fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti gba ẹnì kan láti Kòríà Àríwá tó fi orúkọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jí wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n rí i nínú fídíò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò tíì gbóná tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáírọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ lọ́wọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣòro: ẹnì kan ní Amẹ́ríkà á gba kọ̀ǹpútà alágbèéká náà sílé, á tàn án, oníjìbìtì tí wọ́n gbà síṣẹ́ á sì máa ti òkè òkun darí rẹ̀. Ní 2025, ilé ẹjọ́ rán obìnrin kan ní Arizona lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ àbọ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tó lé ní 90 ni wọ́n kó nílé rẹ̀, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà 309 ló sì kó sí wọn lọ́wọ́.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ yẹ ìwé ìdánimọ̀ wò lọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi fọ́tò inú ímeèlì ṣe é. Ẹ fura tí ẹni náà bá ní kí ẹ fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ fi máa pe iléeṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá a fúnra yín, ẹ má pe èyí tó kọ fún yín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀nba ohun tó nílò fún iṣẹ́ ni kí ẹ ṣí fún un. Àmọ́ ẹ má sọ ìfura di ẹ̀sìn. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já, tàbí bí ẹnì kan ṣe ń pe èdè, kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì.

Ẹ rántí pé àwọn tó ń wáṣẹ́ náà ń bẹ̀rù yín. Ayédèrú agbanisíṣẹ́ náà pọ̀ nílẹ̀: wọ́n á "gba" èèyàn síṣẹ́ láìrí i, wọ́n á ní kó sanwó kọ̀ǹpútà tàbí ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì pòórá. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tiyín, kí ímeèlì wá láti ojúlé náà, kí ẹnì kan tó ní orúkọ sì fọwọ́ sí i. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Òfin: màá yára níbẹ̀, torí agbẹjọ́rò ló ni í. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kò ju pé ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí ni òfin iṣẹ́ àti owó orí rẹ̀ sábà máa ń wá, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì yín wà. Tí ẹ kò bá ní iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó máa ń jẹ́ agbanisíṣẹ́ lójú òfin nílẹ̀ náà, tí ẹ̀yin á sì máa san owó fún wọn. Pípe ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún yín ní agbaṣẹ́ṣe kí ẹ lè yẹ owó orí sílẹ̀ kì í tan adájọ́ jẹ. Àkókò ìsinmi náà ní òfin tirẹ̀: láti 2017 ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ti ní ẹ̀tọ́ láti pa fóònù iṣẹ́ dé lẹ́yìn iṣẹ́, Pọ́túgà sì ṣòfin ní 2021 pé kí agbanisíṣẹ́ má máa yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lásìkò ìsinmi rẹ̀.

Aago ló máa ń dójú ti ọ̀pọ̀ ètò. Nígbà òtútù, tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní London, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Tokyo. Tí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ láti mẹ́sàn-án sí márùn-ún, wọn kò ní pàdé fún ìṣẹ́jú kan. London á tún yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Tokyo kì í yí i. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí ní kùtù tàbí kó pẹ́ sùn. Ẹ pinnu ẹni tó máa jẹ́, kí ẹ sì sọ fún un kó tó fọwọ́ síwèé.

Ẹnì kan béèrè nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ó ní ṣé kò ní dáa kí a fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹ̀rọ yẹn máa sọ fún yín pé ọwọ́ ń mira lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ kò bá mọ ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ yín ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, àwòrán ẹgbẹ̀rún kan kò lè sọ ọ́ fún yín. Tí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí mo máa fi owó ẹ̀rọ náà ṣe ni kí n yan ẹnì kan fún òṣìṣẹ́ tuntun, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, tó lè bi ní ìbéèrè tó ń tì í lójú láti bi ọ̀gá, kí ẹni yẹn sì fi í han ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ní ẹ̀ka mìíràn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìyá kan béèrè ohun tó yẹ ká ṣe sí àwọn tí a kò gbà. Ìyá, ẹ ṣé, mi ò bá ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ èsì nínú ìpolówó, kí ẹ sì pa ọjọ́ náà mọ́. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò yín dé ìpele tó kẹ́yìn, ẹ fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sọ ibi tí ẹlòmíràn ti tayọ rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìkejì lónìí lè jẹ́ ẹni tí ẹ máa pè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ, ìwé tó kẹ́yìn tí ẹ kọ sí i ló sì máa kà kó tó dá yín lóhùn.